Kàfáyá àti Irinṣẹ́ Tí Ọ̀gá Rẹ̀ Kò Yàn

Ìtàn yìí kò sọ̀rọ̀ ahun, kò sọ̀rọ̀ ọba, kò sì sọ̀rọ̀ iwin inú igbó. Orí ọmọbìnrin kan ní Jojú, ní Sàngó-Ọ̀tà níbí, ló bà lé, ẹni tí ẹ lè ti bá pàdé lójú ọ̀nà kí ẹ má sì wẹ̀yìn wò ó. Kàfáyá ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìlú Alápòtí ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí inú bá sì ń bí i, etí ìbòrí rẹ̀ ni yóò máa fi eyín họ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi eyín họ ìbòrí náà tán.

Bàbá rẹ̀ ló fà á lé Àlájì Fàlílù lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ níṣẹ́ àwòrán. Àlájì Fàlílù kì í ṣe ẹni kékeré ní Sàngó. Láyé tí wọ́n ń fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lára ìdajì pátákó tó wà lójú títì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ká búrọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n lọ sílé. Òun kò lọ. Ó jókòó ti Kọ́rẹ̀lì, èyí tí àwọn oníbánà fi ń ya nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó kọ́ ọ bí ọmọ kéwú ṣe ń kọ́ Kùránì, títí ó fi mọ́ ọn lórí. Bánà ìsọmọlórúkọ, Kọ́rẹ̀lì. Bánà ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì, Kọ́rẹ̀lì. Káláńdà, ìwé ìkésíni, àkọlé ara ọkọ̀, Kọ́rẹ̀lì ni. Bí ẹ bá ní kí Àlájì fi Kọ́rẹ̀lì se ọbẹ̀ fún yín, yóò ní, "Ẹ gbé ata wá."

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri, ṣùgbọ́n tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ mọ̀. Irinṣẹ́ ọ̀gá ni irinṣẹ́ ọmọ iṣẹ́. Títí di ọjọ́ fírídọ̀mù rẹ, tí wọn yóò ṣàdúrà lé ọ lórí, tí ọ̀gá yóò sọ lójú gbogbo ayé pé òun tú ọ sílẹ̀, o kò gbọdọ̀ mú irinṣẹ́ mìíràn wọlé. Ẹni tó bá mú un wọlé ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ohun tí ẹ mọ̀ ti tán." Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Kàfáyá mọ òfin náà, ó sì ti pa á mọ́. Fírídọ̀mù tirẹ̀ kò jìnnà mọ́. Àlájì ti ní tí Iléyá bá ti kọjá.

Àfi bí iṣẹ́ áàpù ṣe dé.

Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe páìpù omi ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ló fẹ́ áàpù tí àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò máa fi ra páìpù látorí fóònù, kí ọkọ̀ akẹ́rù yéé tò bí eèrà sẹ́nu géètì. Àwọn tí yóò kọ kóòdù rẹ̀ ti wà nínú iléeṣẹ́ náà. Ẹni tí yóò ya ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wá: ibi tí ọwọ́ yóò tẹ̀, ohun tí yóò yọ jáde, ibi tí ènìyàn yóò gbà padà sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí Àlájì ti ń ṣe bánà fún wọn, ìyẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, mánijà wọn, fi pè é lórí fóònù.

"Àlájì, àwọn ará Èkó kan ń bọ̀ wá fi tiwọn hàn wá o. Ẹ̀yin náà ẹ wá gbìyànjú, kí á má ní a ò ro ti ará ilé."

Ara Kàfáyá yá gágá nígbà tó gbọ́. Iṣẹ́ tí ó ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn! Bánà kò dùn mọ́ ọn nínú mọ́. Láti ìgbà tó ti ra fóònù tó lè gbé fídíò ló ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ya ojú áàpù. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí i, wọn yóò mọ̀ ọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí kò bá bọ́ sí i, òkú àti ìkómọ ni yóò máa ya títí ayé.

Ó ti yan irinṣẹ́ tí yóò fi ṣe é pẹ̀lú. Ó ti yẹ̀ wọ́n wò bí ìyá ṣe ń yẹ àna wò. Ọ̀kan wà tí kò gbà láti gbé inú kọ̀ǹpútà mìíràn àfi èyí tó ní àmì èso jíjẹkù lẹ́yìn, ta ló ní irú ìyẹn ní Jojú? Ọ̀kan wà tó wúwo. Nígbà tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà náà hó bí ẹ̀rọ alọta, ó sì kú fin-ín. Ó wá ku Fígímà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìyẹn ń gbé, kò bèèrè agbára lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ohun tó burú lára rẹ̀ ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, ó dà bí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ tó sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, òun ni ọkàn Kàfáyá mú.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Àlájì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ṣé a lè fi Fígímà ṣe é?"

"Fi kí ni?"

"Fígímà, sà. Òun ni wọ́n fi ń ya ojú áàpù."

"Ọmọ ta ni?"

Umar, ọmọ iṣẹ́ kejì, bú sẹ́rìn-ín. Àlájì wò ó, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kàfáyá, ṣé áàpù kì í ṣe àwòrán ni?"

"Àwòrán ni, sà."

"Ṣé Kọ́rẹ̀lì kì í ya àwòrán ni?"

"Ó ń yà á, sà, ṣùgbọ́n…"

"Fi ṣùgbọ́n sílẹ̀. Fóònù ò ju bánà kékeré lọ. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ní mélòó ni?"

Wọn kì í fi ẹsẹ̀ bàtà wọn ojú fóònù. Kàfáyá ní, "Màá wọ̀n ọ́n, sà," ó dìde, ó sì fi etí ìbòrí rẹ̀ sẹ́nu.

Bó ṣe fi Kọ́rẹ̀lì yà á nìyẹn. Kọ́rẹ̀lì kò jẹ̀bi o. Ẹni tó gbé ọkọ́ lọ sódò ẹja, ṣé ọkọ́ ni ká bá wí? Ó yà á tán, ó fi ránṣẹ́ sí Joy, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù ní iléeṣẹ́ náà, tó ń gbé ní Ìjù. Kò pẹ́ tí ìyẹn fi pè é.

"Sísítà mi, ó rẹwà o, ṣùgbọ́n òkú ni. Kò sí ibi tí mo tẹ̀ tó dáhùn. Fi líǹkì Fígímà ránṣẹ́ jàre. Àti pé bọ́tìnì pupa yẹn, àwọn ọ̀gá fẹ́ kó jẹ́ búlúù."

Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni lẹ́nu Joy, ṣùgbọ́n ó wà lórí gbogbo ojú-ewé. Kàfáyá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pa wọ́n láró. Ó ṣe é tán, Joy tún ní kó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nínú Fígímà, ìyá bọ́tìnì kan ni wọn yóò yà, gbogbo ìyókù yóò jẹ́ ọmọ rẹ̀. Aṣọ tí ìyá bá wọ̀ ni àwọn ọmọ yóò wọ̀. Kàfáyá mọ èyí, ọwọ́ rẹ̀ ń ro ó, ó sì ń kùn bí oyin inú akèrègbè.

Bí Àlájì bá lọ kírun ọ̀sán, Kàfáyá a yáa ṣí Fígímà, èyí tó ti fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Joy. Bí iná bá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní sí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, wọn yóò múná lọ. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀gá yóò ti máa fa bàtà bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Bó ṣe ń fi ìkánjú ṣe é nìyẹn, bí ẹni ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Àlájì bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn Kàfáyá. Ọwọ́ Kàfáyá kò sí lórí máòsì rárá, ó ń mu omi ni. Ṣùgbọ́n ọfà kékeré kan ń rìn lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ kan sì wà lára rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Omi gba ibi tí kò yẹ lọ́fun Kàfáyá. "Ta ni, sà?"

"Ẹni tó ń rìn lórí kọ̀ǹpútà mi. Wò ó, ó tún ti gba ọ̀tún lọ. Joy. Ta ló ń jẹ́ Joy ní ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ó wà ní Ìjù, sà."

"Òun wà ní Ìjù, ọwọ́ rẹ̀ wà ní Jojú?"

Kàfáyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé Fígímà ni, pé ènìyàn púpọ̀ lè jọ wà nínú iṣẹ́ kan náà. Ẹnu rẹ̀ ló fi pa ara rẹ̀. Àlájì tú máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ká okùn rẹ̀ dáadáa, ó tì í bọ àpò, ó sì jáde.

Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ ọ̀gá kì í fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àgbà ni yóò rán. Kàfáyá gba ọ̀dọ̀ Àlájà Ràfátù lọ, ẹ̀gbọ́n Àlájì, tó ń ta ike tí àwọn iléeṣẹ́ yọ sọ́tọ̀ nítorí àbùkù, ní Sàngó. Ó bá a láàárín báàfù àti kẹ̀tùlù, ó kúnlẹ̀.

"Kí ló dé tí ojú rẹ rí bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ kù?"

"Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá mi, mà. Mo ṣẹ̀ wọ́n."

"O jalè?"

"Rárá, mà."

"O lóyún?"

"Háà! Rárá o, mà!"

"Kí wá ni?"

"Mo lo Fígímà, mà."

Àlájà fọwọ́ bo ẹnu. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé wọ́n ń fín in símú ni, àbí wọ́n ń gbé e mì?"

Ó pẹ́ kó tó yé e pé kì í ṣe oògùn. Nígbà tó sì yé e, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ yé òun. Ó dìde, ó mú Kàfáyá dání, ó dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó jókòó. Kò kúrò níbẹ̀ títí Àlájì fi fa máòsì yọ lápò.

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Kó lò ó. Ṣùgbọ́n Kọ́rẹ̀lì ni yóò kọ́kọ́ fi yà á, kí n rí i, kí n fọwọ́ sí i, kó tó dà á kọ sínú ìkejì yẹn."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Kàfáyá wí, ó dojú bolẹ̀, ó kúnlẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin.

Ẹ gbọ́ mi, ìyà méjì ni wọ́n dì pọ̀ fún un. Ohun tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan di ohun tí ó ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Yóò yà á ní Kọ́rẹ̀lì, Àlájì yóò jókòó tì í. "Fi òjìji sí i lábẹ́." Yóò fi sí i. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, fi ìtànṣán oòrùn sí i." Yóò fi sí i. "Nọ́ńbà fóònù wa dà?"

"Nọ́ńbà wa, sà? Nínú áàpù oníáàpù?"

"Báwo ni wọn yóò ṣe mọ ẹni tó ṣe é? Bánà wo lo rí rí tí kò ní nọ́ńbà nísàlẹ̀?"

Yóò fi nọ́ńbà sí i. Tó bá wá ń dà á kọ sínú Fígímà, yóò bu gbogbo rẹ̀ dànù, oòrùn àti òjìji àti nọ́ńbà, ẹ̀rù yóò sì máa bà á kí ọ̀gá má tún wá wò ó. Nígbà mìíràn yóò fi orí lé tábìlì. Umar yóò ní, "Sísítà Kàfáyá, ṣé ẹ ń sùn ni?" Yóò ní, "Mò ń bínú ni. Fi mí sílẹ̀."

Ọjọ́ tí wọn yóò fi iṣẹ́ hàn pé. Àlájì wọ jalabíyà funfun, ó fi nǹkan gígùn kan tó ká bí ẹní há abíyá. Kàfáyá rò pé bánà oníbàárà mìíràn ni. Ní géètì, mẹgádì dá wọn dúró. "Alhaji, na who una come see? Wetin be this long thing?" Àlájì ní, "Na app." Kàfáyá yára ṣí Fígímà lórí fóònù rẹ̀.

Àwọn ará Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, Joy àti àwọn mìíràn wà ní ìjókòó yí tábìlì ńlá ká. Àlájì kí wọn, wọ́n kí i. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ gba orí tábìlì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó ti tẹ gbogbo ojú-ewé áàpù náà sórí fẹ́lẹ́sì, rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe bánà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ojú fèrèsé, pẹ̀lú oòrùn lẹ́yìn, pẹ̀lú nọ́ńbà nísàlẹ̀.

"Áàpù yín nìyí, sà. A ti fi irin sí ojú ihò igun rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́."

Joy tẹrí ba, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, ọmọlúàbí ni, kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dára, Àlájì. Tí mo bá wá fẹ́ ra páìpù, níbo ni màá tẹ̀?"

Àlájì fi ìka kan bọ́tìnì orí fẹ́lẹ́sì náà. "Ibí, sà."

Mánijà na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn wo fẹ́lẹ́sì. Fẹ́lẹ́sì wo gbogbo wọn.

Fóònù Kàfáyá wà lọ́wọ́ rẹ̀, Fígímà ti ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti ẹnu géètì. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ lọ. Bó bá dìde sọ pé, "Ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi," ojú ọ̀gá rẹ̀ ti fọ́ láàárín àwọn àlejò, ta ni yóò wá ṣàdúrà fírídọ̀mù fún un? Ó fi orúnkún rìn dé ẹ̀gbẹ́ àga Àlájì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù fún un.

"Ọ̀gá, èyí tí ẹ ní kí n gbé wá fún wọn láti tẹ̀ nìyí, sà."

Àlájì kò ní kó gbé nǹkan kan wá. Òun mọ̀, Kàfáyá mọ̀. Ó wo ọmọ náà, ìka rẹ̀ sì rọra kan ojú fóònù. Ojú-ewé kejì ṣí fààà. Ó fẹ́ẹ́ ta gìrì. Ó tún tẹ̀ ẹ́, páìpù tò jáde. Ó yáa nà án sí mánijà. "Ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀ ẹ́, sà."

Mánijà ń tẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ra páìpù tí kò sí. Ó gbé e fún àwọn yòókù. Nígbà tí fóònù yóò fi yípo tán, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

"Àlájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ náà. Ti àwọn ará Èkó kò yé mi tó èyí. Ẹ̀yin àgbà sì tún ń kọ́ nǹkan tuntun!"

"Ènìyàn kì í dàgbà ju ẹ̀kọ́ lọ, sà," ni Àlájì wí, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

Kò dárúkọ Kàfáyá. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn padà, fẹ́lẹ́sì dúró láàárín wọn bí èrò kẹta. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Jojú, Àlájì sọ̀rọ̀.

"Ó dára bí mo ṣe ní kí o gbé fóònù yẹn wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Iléyá dé, ó kọjá. Kàfáyá ń retí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Àlájì pe àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ. Kàfáyá tún ìbòrí rẹ̀ dì, ó rò pé ọjọ́ pé.

"Láti òní lọ," ni Àlájì wí, "Fígímà ni a ó máa lò ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Bánà, káláńdà, gbogbo rẹ̀."

"Bánà kẹ̀, sà?" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu Kàfáyá. "Kì í ṣe fún…"

"Iléeṣẹ́ ńlá gbà á, ìwọ ń jiyàn. Ìwọ náà, mo ti ro ọ̀rọ̀ fírídọ̀mù rẹ. Fígímà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ni. O ó dúró kí á kọ́ ọ tán ná, kí ayé má ní mo tú ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pé sílẹ̀."

Wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ Kàfáyá lánàá, wọ́n wá ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í mú lónìí!

Kó tó fèsì, obìnrin kan ti sáré wọlé. Fídáù ìyá rẹ̀ ni, ọkọ̀ ń dúró dè é níta, bánà tí wọ́n ṣe fún un níbòmíràn ní àṣìṣe, ó fẹ́ òmíràn kíákíá. Àlájì nawọ́ sí Kàfáyá. "Fi Fígímà ṣe é."

Kàfáyá jókòó. Ó ṣí i. Òbìrípo kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kọ̀ǹpútà. Ó ń yí, ó ń yí. Umar gbé fóònù sókè sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni ń wá òjò.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," ni obìnrin náà figbe ta, "ṣé ìyá mi tó ti kú ló máa dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì?"

Kàfáyá pa Fígímà dé. Ó ṣí Kọ́rẹ̀lì.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni Àlájì wí.

"Mò ń ṣe bánà, sà." Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Ẹ má bínú, sà. Kọ́rẹ̀lì yá fún èyí. Fígímà yá fún ìyẹn. Iṣẹ́ tó bá wà níwájú mi ni màá wò kí n tó mú irinṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi, sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ti ìyá yìí."

Umar sọ ọwọ́ kalẹ̀ tòun ti fóònù.

"Àlájì, ẹ forí jì í, ẹ jẹ́ ó ṣe é!" ni obìnrin náà ń bẹ̀.

Àlájì fa àga kan, ó jókòó ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ fírídọ̀mù, Kàfáyá kò sì bi í. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó fa ojú ro.

"Orúkọ òkú yẹn kéré," ló wí. "Fẹ̀ ẹ́ sí i."

Kàfáyá fẹ̀ ẹ́.